Àga Ọmọ Nínú Ọkọ̀ àti Àpò Afẹ́fẹ́ Iwájú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kẹ́ ẹ tó kà á lọ, ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bẹ́líìtì ni ti ọkọ̀, èyí tó wà lára ìjókòó. Ọ̀já ni ti àga ọmọ, okùn pẹlẹbẹ tó gba èjìká, ìbàdí àti àárín itan ọmọ kọjá. Bẹ́líìtì tàbí irin ISOFIX (irin méjì tó wà nínú àlàfo ìjókòó ọkọ̀ fún síso àga ọmọ) ló ń di àga mọ́ ọkọ̀. Ọ̀já ló ń di ọmọ mọ́ àga. Bí ọ̀kan bá dẹ̀, èkejì ò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àga olówó ńlá tó ń yí síbí yí sọ́hùn-ún lórí ìjókòó kò lè dáàbò bo ọmọ bó ṣe yẹ.

Mo máa ń gbé ọmọ lé itan, mo sì máa ń dì í mú gírígírí. Ṣé ìyẹn ò tó?

Kò tó. Kò sẹ́ni tí apá rẹ̀ ká a, ẹ ò báà lágbára bí ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rìn tó nǹkan bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá kọlu nǹkan, tí ara tó wà nínú rẹ̀ sì ní láti dúró láàárín ìdajì mítà, agbára tó máa fa ara náà síwájú á tó ìlọ́po ogún ìwọ̀n rẹ̀. Ọmọ kílò 10 á wá fa ọwọ́ yín bí ẹrù 200 kílò, kò sì ní tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan tí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Ọmọ náà á bọ́.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí a lè fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo di èmi àti ọmọ pọ̀." Èyí tún burú sí i. Ara àgbàlagbà ló máa tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì. Tó bá sì jẹ́ ìjókòó iwájú lẹ wà, ọmọ ló máa wà láàárín yín àti àpò afẹ́fẹ́ (airbag), èyí tó ń bú jáde nígbà ìkọlù.

Kí nìdí tí ọmọ kékeré fi gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn?

Ẹ wo ọmọ tuntun dáadáa: orí rẹ̀ tó ìdá mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Egungun ọrùn rẹ̀ kò tíì le tán, kerekere ṣì ló so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọjú síwájú, tí ọkọ̀ sì forí sọ nǹkan, ọ̀já á di èjìká rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó di orí mú. Orí á fò síwájú, ọrùn nìkan ló sì máa dá a dúró. Bó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn àga ló máa gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà téèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gba ẹyin.

Títí di ìgbà wo?

Títí ọmọ á fi tó gíga tàbí ìwọ̀n tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n kọ sára àga náà fún ìkọjú-sẹ́yìn. Ìlànà R129 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù (òun ni wọ́n tún ń pè ní i-Size) sọ pé ọmọ ò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú kó tó pé oṣù 15. Oṣù 15 yìí ni ó kéré tán, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ yí i. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, yọ ọ̀rọ̀ "ọdún méjì" kúrò nínú ìmọ̀ràn wọn ní 2018, wọ́n ní kí ọmọ kọjú sẹ́yìn títí àga rẹ̀ ò fi ní gbà á mọ́. Ọ̀pọ̀ àga ló ń gba ọmọ kílò 18 ní ìkọjú-sẹ́yìn.

Ẹsẹ̀ tó kan ìjókòó tàbí tó ká kò kì í ṣe ẹ̀rí pé àga ti kéré. Orí ni kẹ́ ẹ máa wò. Nínú ọ̀pọ̀ àga, bí àtàrí ọmọ bá ti fi ohun tó dín sí sẹ̀ǹtímítà 2.5 jìnnà sí òkè àga, ó ti dàgbà jù ú lọ.

Báwo ni àpò afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Àpò aṣọ ni, wọ́n ká a pinpin sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, iwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì lọ́nà tó fi hàn pé ó kọlu nǹkan, sẹ́ńsọ̀ á ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kékeré kan, kọ̀ǹpútà náà á tan iná sí kẹ́míkà tó wà lẹ́yìn àpò, gáàsì á sì tú jáde. Àpò á já ìdérí dáṣíbọ́ọ̀dù, á kún fọ́fọ́ láàárín nǹkan bí ìdá ogún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èèyàn ò tíì ṣẹ́jú tán tó fi parí. Ó lè jáde pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 300 ní wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn náà, gáàsì á gba inú ihò tó wà lẹ́yìn àpò jáde, àpò á sì rọ̀.

Ìgbà tó ti kún tán ló tó di tìmùtìmù. Kó tó kún, ẹ̀ṣẹ́ ni. Àgbàlagbà tó de bẹ́líìtì, tó fẹ̀yìn ti ìjókòó, ni wọ́n ṣe é fún, torí àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí àpò bá ti kún.

Ṣé mo lè gbé àga tó kọjú sẹ́yìn sí ìjókòó iwájú?

Tí àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe é láé, ì báà jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀yìn àga tó kọjú sẹ́yìn máa ń sún mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an, ibẹ̀ gan-an sì ni orí ọmọ wà, lódìkejì ike àga. Bí àpò bá bú jáde, ẹ̀yìn àga ló máa gbá, á sì ti àga pẹ̀lú orí ọmọ sẹ́yìn lọ mọ́ ìjókòó. Ìkọlù tí kò ní ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan lè pa ọmọ báyìí.

Ẹ ṣí agbòòrùn tó wà lókè gíláàsì iwájú sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ó rí àwòrán àga ọmọ àti àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ìlà pupa dábùú. Ohun tá a ń sọ yìí ló ń sọ. Ní Yúróòpù, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2003 fi dè é.

Ọkọ̀ mi ò ní ìjókòó ẹ̀yìn. Báwo ni mo ṣe lè pa àpò náà?

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, súwíìṣì kan wà fún un. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú ní ẹ̀gbẹ́ èrò, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn máa ń bò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo inú àpótí kékeré tó wà níwájú èrò. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yí i sí OFF, kẹ́ ẹ wá tan ọkọ̀ padà. Iná tó ń sọ pé "PASSENGER AIR BAG OFF" gbọ́dọ̀ tàn, kó sì máa tàn lọ. Bí kò bá tàn, àpò ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé ọmọ síbẹ̀. Inú síkírínì ni wọ́n ti ń pa á nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn.

Bí àgbàlagbà bá máa jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ yí i padà sí ON. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹ́káníìkì kankan gé wáyà tàbí kó yọ fúùsì nítorí pé súwíìṣì ò sí. Fúùsì kan náà lè máa gbé iná fún àpò mìíràn nínú ọkọ̀, wáyà tí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn lọ́nà tí kò tọ́ lè mú kí àpò bú lójijì.

Iná OFF ọkọ̀ mi máa ń tàn fúnra rẹ̀ tí ọmọ bá wà níbẹ̀. Ṣé mo lè gbọ́kàn lé e?

Rárá. Abẹ́ ìjókòó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ohun tó wà lórí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú èyí sínú ọkọ̀ tuntun díẹ̀díẹ̀ láàárín 2003 sí 2006. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tẹ́ ẹ fà le láti so àga máa ń tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, sẹ́ńsọ̀ sì lè rò pé ẹni tó wúwo ló jókòó. Báàgì tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ tàbí omi tó dà sí ìjókòó náà lè dà á láàmú. Ìrànlọ́wọ́ ni sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Ìjókòó ẹ̀yìn ni àyè ọmọ, títí tó fi máa pé ọdún 13.

Iná mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú: iná pupa tó ní àwòrán ẹni tó jókòó tí nǹkan róbótó wà níwájú rẹ̀. Ìyẹn gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú. Bí kò bá kú, àìsàn wà lára àwọn àpò afẹ́fẹ́ tàbí bẹ́líìtì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má bú nígbà tí wọ́n bá yẹ kí wọ́n bú. Bí kò bá tàn rárá, ẹ fura, pàápàá nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì: àpò lè ti bú rí, kí wọ́n má dá òmíràn padà, kí wọ́n sì yọ gílóòbù iná náà.

Bẹ́líìtì ọkọ̀ àti ISOFIX, èwo ló dáa jù?

Èyí tó bá le pinpin nínú ọkọ̀ yín ló dáa jù. Ọ̀nà méjèèjì ló dáa. Àǹfààní ISOFIX ni pé àṣìṣe ibẹ̀ kéré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí a ṣe ń fi bẹ́líìtì so ó.

Ẹ mú ìwé ìtọ́nisọ́nà méjì sọ́wọ́, ti àga àti ti ọkọ̀. Ẹ gbé àga sórí ìjókòó ẹ̀yìn, kí ìdí rẹ̀ fara mọ́ ọn pátápátá, kí nǹkan kan má wà lábẹ́ rẹ̀, àfi bí ìwé àga bá gbà á. Àárín ìjókòó ẹ̀yìn ló jìnnà jù sí ìkọlù ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n bí àga ò bá le níbẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ wá ọ̀nà tí bẹ́líìtì máa gbà. Lára ọ̀pọ̀ àga, búlúù ni wọ́n fi sàmì sí ọ̀nà ti ìkọjú-sẹ́yìn, pupa sì ni ti ìkọjú-síwájú. Ẹ fi bẹ́líìtì gba ibẹ̀ láìlọ́ ọ, ẹ tì í bọ bọ́kùlù títí tó fi máa dún kẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ fi orúnkún tàbí ọwọ́ tẹ àga mọ́lẹ̀, níbi tí bẹ́líìtì ti gba inú rẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n ara yín tẹ̀ ẹ́ títí ìjókòó ọkọ̀ á fi rì díẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fa apá bẹ́líìtì tó dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ tó fa ti èjìká, kí gbogbo ìdẹ̀ra tó wà nínú rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ tì í pa. Bí àga bá ní ìdè tó ń fún bẹ́líìtì mú, ẹ pa á dé. Bí kò bá ní, ẹ rọra fa bẹ́líìtì èjìká jáde pátápátá títí kò fi ní sí nǹkan kan láti fà mọ́, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ bó ṣe ń wọlé: ó ti tì nìyẹn, kò ní lè gùn mọ́. Àìmọ èyí ló máa ń jẹ́ kí àga tó le láàárọ̀ ti dẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Bẹ́líìtì tí kò tì máa ń dúró tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ṣùgbọ́n á máa gùn díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo kọ́nà tẹ́ ẹ bá yà.

Ẹ wo bọ́kùlù. Bó bá fi ara ti etí ike àga débi pé ó ń ṣẹ́ sórí rẹ̀, ẹ gbé àga náà sí àyè mìíràn. Ìkọlù lè ṣí bọ́kùlù náà tàbí kó fọ́ ọ. Bí ìrọrí ìjókòó ọkọ̀ bá sì ń ti àga tó kọjú síwájú, ẹ yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ fà á sókè, bí ìwé ọkọ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti le tó?

Ẹ di àga mú níbi tí bẹ́líìtì ti gba inú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kì í fi kọ̀wé mì í sí ọ̀tún, sí òsì, síwájú àti sẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ sún tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹ má di òkè àga mú mì í. Òkè àga tó kọjú sẹ́yìn máa ń mì díẹ̀, kò sí àbùkù níbẹ̀.

ISOFIX ńkọ́?

Ẹ ti ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín ibi ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó kan irin méjì, sẹ̀ǹtímítà 28 ló wà láàárín wọn. Ẹ ti apá àga méjèèjì sí wọn títí ẹ ó fi gbọ́ kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí àmì pupa á sì di àwọ̀ ewé. Ìró kan ṣoṣo kò tó. Ẹ wá ti àga sẹ́yìn kó fara mọ́ ìjókòó.

Bí àga bá ní ẹsẹ̀, ẹ fà á títí tó fi máa tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n kó má gbé ìdí àga sókè. Bí àpótí ìkẹ́rù bá wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ lè já wọlé. Ẹ wo ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ.

Irin náà ní ìwọ̀n tó lè gbé. Ní ìlànà R129, ọmọ àti àga pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kílò 33. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní LATCH, pọ́ùn 65 ni, ìyẹn nǹkan bíi kílò 29.5. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì ló kù. Ẹ má sì lo méjèèjì pọ̀ lérò pé á le sí i, àfi bí ìwé àga bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò dán an wò báyẹn.

Okùn kan wà lẹ́yìn àga tó kọjú síwájú. Mo kàn ká a pa mọ́ ni.

Ẹ tú u jáde lónìí. Okùn yìí ló ń di òkè àga mú. Láìsí i, àga á tẹ síwájú, orí ọmọ á sì fò síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn sì tó láti fi orí kan ìjókòó iwájú. Ibi ìkọ́ rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn ìjókòó, lórí pèpéle ẹ̀yìn, ní ilẹ̀ bùùtù tàbí lókè ọkọ̀, àmì ìdákọ̀ró ló sì máa ń wà lára rẹ̀. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń de ẹrù kò lè ṣiṣẹ́ yìí.

Báwo ni ọ̀já ọmọ ṣe gbọ́dọ̀ le tó?

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò tó ti ń jáde. Bí ọmọ bá kọjú sẹ́yìn, kí ó jáde ní ìbámu pẹ̀lú èjìká tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀, torí ìkọlù máa ń fẹ́ kí ọmọ yọ̀ gòkè lára àga. Bó bá kọjú síwájú, kí ó jáde ní ìbámu pẹ̀lú èjìká tàbí lókè díẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fà á, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbìyànjú láti fún ọ̀já pọ̀ ní òòró, lórí egungun tó yọ lábẹ́ ọrùn. Bí ìka yín bá rí nǹkan ká jọ, ó ṣì dẹ̀. Bí ìka bá kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti tó. Ìdánwò yìí dára ju ti kíki ìka méjì bọ abẹ́ ọ̀já lọ, nítorí ìka èèyàn ò dọ́gba. Bí ọ̀já bá ní kílíìpù àyà, ìbámu abíyá ni kó wà, kì í ṣe ikùn.

Ẹ bọ́ aṣọ òtútù tó nípọn lọ́rùn ọmọ kẹ́ ẹ tó dè é. Ìkọlù á fún aṣọ náà pọ̀, àyè á sì ṣí láàárín ọ̀já àti ara. Ẹ de ọmọ tán, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ bò ó lórí ọ̀já.

Orí ọmọ tuntun mi máa ń ṣubú síwájú nínú àga.

Àga náà dúró lóròó jù. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tuntun tín-ínrín. Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá kan àyà, èémí lè dí. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wo ìlà tàbí bọ́ọ̀lù kékeré tó ń fi ìdagun hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Bó bá ṣì dúró jù, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbà kẹ́ ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ká róbótó sí abẹ́ rẹ̀, níbi tó pàdé ẹ̀yìn ìjókòó. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ gbé ọmọ kúrò nínú àga lọ sórí ibùsùn.

Ìgbà wo ni bẹ́líìtì ọkọ̀ nìkan tó fún ọmọ?

Lẹ́yìn àga ọlọ́jàá, búúsítà ló kàn, àga tó ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì lè bọ́ sí àyè rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, sẹ̀ǹtímítà 145 ni gíga tí wọ́n máa ń tọ́ka sí kí ọmọ tó kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má wo ọjọ́ orí. Kí ẹ̀yìn ọmọ fara mọ́ ìjókòó, kí orúnkún rẹ̀ ká sílẹ̀ ní etí ìjókòó, kí bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí itan, kì í ṣe ikùn, kí ti òkè gba àárín èjìká, kí ọmọ sì lè jókòó báyẹn títí ìrìn á fi parí. Bẹ́líìtì tó gun ikùn lè ya ìfun. Ẹ má sì jẹ́ kó fi ti òkè sí abẹ́ abíyá.

Àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ńkọ́?

Èyí tó ń já bọ́ láti òkè fèrèsé kì í sábà ṣe ọmọ tó wà nínú àga ní nǹkan kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kó fi orí ti ilẹ̀kùn sùn, ẹ má sì gbé nǹkan líle kọ́ sí ìkọ́ aṣọ òkè fèrèsé.

Mo gbọ́ pé àpò afẹ́fẹ́ àwọn ọkọ̀ kan ń ju irin jáde.

Òótọ́ ni. Kẹ́míkà ammonium nitrate tí wọ́n fi sínú àwọn àpò kan tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe máa ń bàjẹ́ tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a fún ọdún pípẹ́, ìkòkò irin rẹ̀ á sì fọ́ tó bá bú. Wọ́n pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú àpò bẹ́ẹ̀ padà ní Amẹ́ríkà nìkan. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ yín tó jẹ́ létà àti òǹkà 17, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú tàbí lára òpó ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fi béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bóyá ó wà lára wọn. Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ṣé mo lè ra àga tí ẹlòmíì ti lò?

Bẹ́ ẹ bá mọ ẹni náà, tó sì dá yín lójú pé àga ò sí nínú ìjàǹbá rí, ó ṣeé ṣe. Ike lè ti sán níbi tí ojú ò tó. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, tó máa ń wà lábẹ́ tàbí lẹ́yìn àga. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fún àga wọn ní ọdún 6 sí 10. Bí ìwé rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ tàbí ọ̀já kan bá ti sọnù, ẹ fi sílẹ̀.

Oúnjẹ ti dà sínú bọ́kùlù, kò pa dé mọ́.

Ẹ tú u, kẹ́ ẹ mì í nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi òróró sí i. Ọ̀já ní tirẹ̀, aṣọ rírin àti ọṣẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Ẹ má bọ̀ ọ́ sínú omi, ẹ má sì fi blíìsì fọ̀ ọ́, torí òwú rẹ̀ á rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dá a padà, ẹ tún mi àga wò kí ọmọ tó jókòó sí i.